Kí Ló Yẹ Kó Wà Nínú Ife Náà?

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ tó wà lẹ́bàá títì tó ti Sango wá sí Joju, tó gba Ọ̀tà kọjá títí dé ibodè Ìdírókò, ohun tí wọ́n ń bù sínú ife kéékèèké lọ́jọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kì í ṣe wáìnì. Ribena ni. Èso blackcurrant ni wọ́n fi ń ṣe é, èso dúdú wẹ́wẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbìn, tí kò bá àjàrà tan rárá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fún ọjà Nàìjíríà wà ní Àgbárá, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tí Joju náà wà. Ẹni tó bá gba ife yẹn ní Joju ń mu ohun tí wọ́n rọ sínú ike nínú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi rántí alẹ́ ọjọ́ kan ní Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn.

Kò sẹ́ni tó ń bá wọn jà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, kì í pa èèyàn, ó sì wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí alàgbà kan bá dìde nípàdé ìjọ, tó ní kí wọ́n gbé Ribena kúrò kí wọ́n fi ẹmu dípò rẹ̀, ilé á dàrú. Wọ́n á bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ohun tó fà á tí ilé fi máa dàrú yẹ ní wíwò dáadáa, torí ó kan ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ nípa Ọlọ́run ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ayébáyé: kí ló sọ wáìnì di wáìnì? Ṣé igi tó ti jáde ni, ṣé bó ṣe kan ni, ṣé ilẹ̀ tó ti hù ni, àbí ìrántí tí àwọn èèyàn so mọ́ ọn?

Ìjọ Kátólíìkì ló dáhùn láìfigbá kan bọ̀kan nínú. Òfin ìjọ náà ti 1983, lábẹ́ nọ́ńbà 924, sọ pé wáìnì tí wọ́n máa lò ní Míísà gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, kó ti ara èso àjàrà wá, kó má sì tíì bàjẹ́. Fádà á kán omi díẹ̀ sí i, ó parí. Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí: ìpàdé ńlá tí ìjọ ṣe ní Florence ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1439 pé wáìnì àjàrà ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Róòmù tún kọ lẹ́tà sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ irú búrẹ́dì àti irú wáìnì tó ń wọ orí pẹpẹ, torí pé wọ́n ti ń tà wọ́n ní ilé ìtajà ńláńlá àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kádínà Robert Sarah ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ọmọ abúlé Ourous ní Guinea ni, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dẹ́mu.

Òfin yẹn kò sọ̀rọ̀ àwọ̀. Ọ̀pọ̀ Fádà ló jẹ́ pé wáìnì funfun ni wọ́n ń lò, nítorí pé pupa máa ń ta àbàwọ́n sí aṣọ pẹpẹ, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ sì mọ bó ṣe ń le tó láti bọ́. Kò sọ̀rọ̀ adùn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ ìlú tó ti wá. Ìran igi ló ń béèrè jù.

Ó yẹ kéèyàn mọ bí ìran igi kan ṣoṣo ṣe lè ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ tó kó tó mọ bí ìdáhùn yìí ti jinlẹ̀. Àjàrà funfun kan wà tó ń jẹ́ Chenin Blanc. Ní àfonífojì odò Loire ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù láyé àtijọ́. Ní Vouvray, èso rẹ̀ kan náà lè di wáìnì tí kò ládùn rárá lọ́dún tí oòrùn kò mú, kó di aládùn lọ́dún tí oòrùn pọ̀, wọ́n sì lè sọ ọ́ di èyí tó ń hó bí ẹni ṣí mínírà. Ní Savennières, ní àfonífojì kan náà, ó máa ń gan, ó máa ń le lẹ́nu, àwọn tó mọyì rẹ̀ á sì tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ṣí i. Ní Coteaux du Layon, kùrukùru máa ń gbéra lórí odò láàárọ̀ ìgbà ìkórè, á jẹ́ kí olú wẹ́wẹ́ kan ràn sára èso náà, á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, èso á hunjọ. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti jẹrà. Wáìnì tí wọ́n ń rí fún níbẹ̀ dùn bí oyin, ó sì lè pé àádọ́ta ọdún nínú ìgò láìbàjẹ́.

Igi yìí kan náà wà ní South Africa. Jan van Riebeeck, ọ̀gá àwọn oníṣòwò Dutch ní Cape, ló gbin àjàrà àkọ́kọ́ síbẹ̀ ní 1655, wọ́n sì fún wáìnì àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kejì oṣù kejì 1659. Lónìí, Chenin Blanc tó wà lórí ilẹ̀ South Africa pọ̀ ju ti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ láyé, ó ju ti Faransé tó jẹ́ ilé rẹ̀ lọ. Oòrùn ibẹ̀ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn: ó máa ń ta sánsán bí èso tó pọ́n, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ń se púpọ̀ nínú rẹ̀ sí brandy. Ní Swartland, àwọn igi àgbà rẹ̀ kan wà tí wọn kì í bomi rin, tí wọn kì í sì fi okùn gbé dúró, tí èso wọn kò pọ̀ ṣùgbọ́n tó kún fún adùn.

Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, Steen ni àwọn àgbẹ̀ Cape ń pe igi yẹn. Wọn kò mọ̀ pé Chenin ni. Àwọn ọdún 1960 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Orffer ní Stellenbosch fi ewé wé ewé, tó wá hàn pé igi kan náà ni. Kí ni Steen jẹ́ ṣáájú ìgbà náà? Bí ohun kan bá ń jẹ́ orúkọ mìíràn, tó ní adùn mìíràn, tó wà lórí ilẹ̀ mìíràn, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó bá ti àkọ́kọ́ tan, ṣé ohun kan náà ni? Òfin Kátólíìkì ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ṣiyè méjì. Fádà tó bu ti Layon tó dùn bí oyin àti Fádà tó bu ti Swartland gba ife kan náà. Ahọ́n lè sọ pé wọn ò jọra, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ahọ́n.

Ẹmu náà ní ìran tirẹ̀, ó sì ní oríṣiríṣi ibi tó ti yàtọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pẹ tó dúró ni adẹ́mu ń gùn. Á fi igbà sán ìdí, á fi ẹsẹ̀ ti igi, á máa sún igbà sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé abẹ́ imọ̀. Níbẹ̀ ló ti máa gé àwọn imọ̀ tó dí i lọ́nà, kó tó rí òdòdó akọ tí kò tíì là. Á bẹ ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń padà wá bẹ ẹ́, torí bí ẹnu yẹn bá gbẹ, omi á dẹ́kun sísun. Akèrègbè ni wọ́n ń so sábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì oníke ló pọ̀ lónìí. Omi tó kọ́kọ́ kán sínú rẹ̀ mọ́ gaara, ó dùn bí omi ṣúgà, kò sì ní ọtí kankan nínú. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti wà nínú akèrègbè, ó wà lára àwọn kòkòrò tó ń bà sí i, ó wà nínú afẹ́fẹ́ pàápàá. Kí adẹ́mu tó sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó ti funfun, ó ń hó. Tó bá fi máa pé ọjọ́ kan, ọtí inú rẹ̀ á ti tó nǹkan bí ìpín mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ó ti ń lọ sọ́nà ọtí kíkan.

Ògùrọ̀ kì í ṣe ọ̀pẹ. Igi àbàtà ni, ó fẹ́ràn ẹsẹ̀ odò àti ìtòsí ọ̀sà, láti ìhà Badagry títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà á kú. Ìgbà tó bá fẹ́ tanná yẹn ni wọ́n ń dá a, wọ́n ń gba agbára tó ti ń kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pẹ lè ṣẹ́ku kí wọ́n tún padà sórí rẹ̀; ògùrọ̀ kò ní ìgbà kejì. Àwọn tó mọ ẹmu mu máa ń jiyàn lórí èyí tó dáa jù nínú méjèèjì, èkíní kì í gbà fún èkejì.

Tó o bá dé ilẹ̀ Akan ní Ghana, wọ́n máa ń wó ọ̀pẹ lulẹ̀ ni. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á gbẹ́ ihò sí ọrùn rẹ̀, wọ́n á máa fi iná jó ojú ihò náà kó má baà dí, á sì máa sun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní gúúsù Benin náà wọ́n máa ń wó o, pàápàá fún sodabi tí wọ́n ń sè jáde láti ara ẹmu, bí àwọn tiwa ṣe ń se ògógóró, tí ará Ghana ń se akpeteshie. Ìjọba òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ògógóró nílẹ̀ yìí láyé ìmúnisìn, ṣùgbọ́n òfin ò pa á. Títì tó gba Joju kọjá yìí kan náà ló lọ bá Porto-Novo níbi tí sodabi ti pọ̀.

Kí a wá padà sórí ife. Wáìnì Kátólíìkì ti ara àjàrà wá, ó sì kan. Ní 1869, Thomas Bramwell Welch, oníṣègùn eyín tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Vineland, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, lo ọ̀nà tí Pasteur là sílẹ̀, ó fi ooru pa ìwúkàrà inú omi àjàrà kó má baà di ọtí. Ó fẹ́ kí àwọn tó ti fi ọtí sílẹ̀ lè gba Oúnjẹ Olúwa láìfọwọ́ kan ọtí. Ohun tó ṣe yìí jẹ́ àjàrà, ṣùgbọ́n kò kan. Ẹmu kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjàrà. Ribena kì í ṣe àjàrà, kò sì kan. Àwọ̀ pupa tó jọ ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, àwọ̀ yẹn gan-an sì ni ìjọ Kátólíìkì kò kà sí, tó fi ń lo wáìnì funfun láìbẹ̀rù. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n méjì yìí wọn wọ́n, ẹmu ṣe ìdajì, Ribena kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀ Ribena ló wà lórí tábìlì, ẹmu ló wà níta.

Iyàn yìí ti wáyé rí níbi tó jìnnà. Ní 1557, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kan tí wọ́n rán láti Geneva gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan ní etíkun ibi tí Rio de Janeiro wà lónìí. Jean de Léry wà lára wọn, ó sì kọ ìwé nípa ìrìn àjò náà, tí wọ́n tẹ̀ ní 1578. Ó ròyìn pé wọ́n jókòó jiyàn: bí wáìnì táwọn kó wá bá tán, kí làwọn á ṣe? Àwọn kan ní Jésù lo ohun tí àwọn èèyàn ilẹ̀ rẹ̀ ń jẹ tí wọ́n ń mu, pé ká ní ilẹ̀ Brazil ló wà ni, ó ṣeé ṣe kó dárúkọ ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀ àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ dípò búrẹ́dì. Àwọn mìíràn ní níwọ̀n ìgbà tí búrẹ́dì àti wáìnì bá ṣì ṣeé rí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Iyàn tí alàgbà wa yóò dá sílẹ̀ ní Joju kò ní tuntun kankan tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn kò sọ.

Róòmù ti kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Ní 1241, Póòpù Gregory kẹsàn-án kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù àgbà Nidaros ní Norway nípa àwọn ọmọ tí wọ́n fi bíà ṣe ìrìbọmi fún nítorí pé omi wọ́n. Ó ní kò jẹ́ ìrìbọmi.

Ní Kóńgò, àwọn ọmọ ìjọ Kimbangu kò bẹ Róòmù, wọn kò sì bẹ Geneva. Simon Kimbangu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní N'Kamba ní 1921. Àwọn ará Belgium jù ú sẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1951. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 1971, tó pé àádọ́ta ọdún, ìjọ rẹ̀ ṣe Oúnjẹ Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀dùnkún, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe búrẹ́dì, oyin tí wọ́n pò mọ́ omi ni wọ́n fi ṣe wáìnì. Ìjọ wọn kì í mu ọtí, nítorí náà wọn kò mú ẹmu. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n yan ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì dúró lórí rẹ̀ ní gbangba. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ìjọ tó ń lo Ribena kò tíì ṣe. Kò sẹ́ni tó jókòó yan Ribena. Ó kàn wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni.

Ẹni tó fi ìrora béèrè jù ni Jean-Marc Ela, Fádà ọmọ Kamẹrúùnù. Láàárín àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ọkà bàbà ní Tokombéré, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ló ti ṣiṣẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1980, ó béèrè ìdí tí àwọn tálákà yóò fi máa dúró de àlìkámà àti àjàrà àwọn tó lówó jù wọ́n kí wọ́n tó lè bá Ọlọ́run jẹun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà nìkan ló ń sọ, ọ̀rọ̀ owó àti ìgbẹ́kẹ̀lé lórí ẹlòmíràn ni. Ní 1995, René Jaouen, àlùfáà tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Kamẹrúùnù, tẹ odidi ìwé jáde lórí fífi ọkà bàbà ṣe Oúnjẹ Olúwa. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ela sá kúrò ní ìlú rẹ̀ lọ sí Kánádà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 2008. Lẹ́tà tí Kádínà Sarah fọwọ́ sí jáde ní ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú rẹ̀, òfin kò yí.

Àwọn Mùsùlùmí náà ti béèrè ìbéèrè yìí, láti òdì kejì. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni èwo nínú ọtí ni èèwọ̀. Abu Hanifa, ọmọ Kufa tó kú ní 767, gbà pé omi àjàrà tó kan ni ọtí tí Kùránì dárúkọ, pé kékeré rẹ̀ àti ńlá rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Àwọn ohun mímu mìíràn, ìgbà tí wọ́n bá pani ni wọ́n di èèwọ̀. Malik ibn Anas, ọmọ Medina tó kú ní 795, kò gbà. Ó ní ohunkóhun tó bá ń pani, ọtí ni, igi yòówù kó ti jáde. Ẹ̀kọ́ Malik ló gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun sì ni àwọn àlùfáà wa ń tẹ̀ lé ní Ọ̀tà. Nítorí náà, ní Joju kan náà, àlùfáà mọ́sáláṣí ló ka ẹmu sí wáìnì tọkàntọkàn. Ìran igi ni Fádà fi ń dá a mọ̀. Iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe lára ni Malik fi ń dá a mọ̀. Ó yẹ kí Kristẹni tó bá ń ronú gbé ìyàtọ̀ yìí yẹ̀ wò, torí pé àwọn tó gbé Ribena wọlé kò tẹ̀ lé èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Kí ló wá dé tí wọn ò gba ẹmu? Ìdí tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó ń pani. Ìyẹn kò tó, nítorí ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán kò ní ọtí, wọ́n sì lè fi ooru dá a dúró bí Welch ṣe dá omi àjàrà dúró. Àwọn onímọ̀ ní NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ lẹ́bàá ìlú Benin, àti FIIRO, ilé ìwádìí iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Òṣòdì, ti rọ ọ́ sínú ìgò tipẹ́. Ìdí tó wà nísàlẹ̀ ni pé ẹmu ti ní ìrántí tirẹ̀. Wọ́n ń sọ ní Ìrè-Èkìtì pé Ògún dé ibẹ̀ ó bá akèrègbè ẹmu òfìfo, pé ìbínú rẹ̀ sì pa èèyàn. Wọ́n ń sọ pé ẹmu ló mú kí Ọbàtálá sùn lọ nígbà tí wọ́n rán an láti wá dá ilé ayé, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí dòní, àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í fẹnu kàn án. Ní ìlú tí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin pọ̀ tó báyìí, tí àwọn awakọ̀ ṣì ń bọ Ògún, ẹmu kò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì kó má mú àwọn ìtàn yẹn dání. Àwọn ọmọ ìjọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Ribena ò ní ìtàn kankan, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn.

Èyí kò jẹ́ ìdí burúkú. Bí ọmọ bá ń ṣe ìrántí bàbá rẹ̀ tó ti kú, fọ́tò bàbá rẹ̀ ló máa gbé síta, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ti ṣá tó. Kò ní gbé ti ọkùnrin mìíràn tó rẹwà jù ú. Òfin tó ní àjàrà, àjàrà nìkan, ń dáàbò bo irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Ó so alẹ́ kan pàtó, ilẹ̀ kan pàtó àti Ẹnì kan pàtó pọ̀ mọ́ igi kan, kí ohun tí wọ́n ń rántí má baà di ohun tó kàn wuni. Nínú gbogbo ìdáhùn tó wà nílẹ̀, òun ló dúró ṣinṣin jù.

Àwọn tó ń ṣe agbátẹrù ẹmu á ní Jésù lo ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ hù, kí àwa náà lo ti wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kí ni ilẹ̀ Ọ̀tà ń hù lónìí? Àwọn ilé iṣẹ́ ti gba ọ̀pọ̀ oko táwọn baba ti ń kọ ọ̀pẹ. Bí a bá ní kí a lo ohun tí wọ́n ń ṣe níbí, Ribena ti Àgbárá ló borí, iyàn sì parí. Bí a bá ní ohun tó ti wà nílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ò ní lè wọlé, torí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé gàrí kì í ṣe oúnjẹ Yorùbá. Àjàrà ti wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà ní Cape láti 1655. Ọdún mélòó ló kù kó tó di ọmọ ilẹ̀?

Ẹ̀rí pé ohun àjèjì lè di ti ìsìn kò jìnnà. Schnapps tí wọ́n ń fi wúre níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó, níbi ìwúyè, ọtí àwọn ará Holland ni. Àwọn oníṣòwò ló kó o wá. Lónìí, Seaman's Schnapps tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀tà yìí kan náà ni wọ́n ń polówó bí ọtí àdúrà, àwọn àgbà sì ń fi í tọrọ ohun rere lọ́wọ́ àwọn baba ńlá tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọ̀mọ̀wé Dmitri van den Bersselaar ti kọ ìwé lórí bí ọtí yìí ṣe kúrò ní ohun àjèjì tó di ohun ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìrántí máa ń wá mọ́ ohun tí èèyàn bá ń lò pẹ́. Ó lè wá mọ́ Ribena náà. Ohun tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù ni pé ó lè ti wá mọ́ ọn tán, kí àwọn tó dàgbà nínú rẹ̀ máa rò pé àjàrà ni.

Ẹ̀ka ìjọ tó bá wù lè dúró lórí Ribena, ẹ̀tọ́ wọn ni, kò sì sẹ́ni tó máa dá wọn lẹ́bi. Ìjọ tó bá wù lè fẹ́ lo ẹmu tí wọ́n fi ooru dá dúró, bí wọ́n bá ti jókòó rò ó bí àwọn ará Kimbangu ṣe rò ó, tí wọ́n sì gbà láti ru ẹrù ìtàn Ògún àti ti Ọbàtálá tó bá a wọlé. Kátólíìkì lè dúró lórí àjàrà, ṣùgbọ́n kí wọ́n dáhùn Ela lórí ọ̀rọ̀ owó, kí ìjọ tó wà lábúlé má máa fi owó ọrẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ra ìgò kan. Ohun tí kò yẹ ni kí ìjọ máa lo ohun tí kò jẹ́ àjàrà, tí kò kan, kó tún máa fi ojú kèfèrí wo ẹni tó bá dárúkọ ẹmu. Ní kíláàsì ìgbàgbọ́, kí àwọn ọmọ tó gba ife fún ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n ṣí ìgò náà níwájú wọn, kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè, kí wọ́n sọ fún wọn irú èso tó jẹ́, ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, àti ìdí tí àwọn àgbà ìjọ fi yàn án dípò èyí tí Jésù mu. Bí àwọn àgbà bá sì rí i pé àwọn ò ní ìdí kankan tí àwọn lè sọ, kí wọ́n pe ìpàdé.